Omi Ata Inú Ike Àdúrà

Inú kẹ̀kẹ́ Márúwá kan ní Ajah ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu obìnrin méjì tí a jọ jókòó sẹ́yìn. Ọ̀kan wọ aṣọ funfun ìjọ Aládùúrà, èkejì sì ń pè é ní Àǹtí.

"Àǹtí, kòkòrò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ̀fọ́ mi tán. Kí lẹ fi ń lé tiyín?"

"Èmi ò ra kẹ́míkà mọ́ o. Ata rodo àti ááyù ni mo ń lọ̀, màá pò ó mọ́ omi ọṣẹ, màá wá fín in sára ewé. Àmọ́ inú ike omi àdúrà ni mo rọ ọ́ sí."

"Yéè! Ta ló mu ún?"

"Ọkọ mi fi bọ́jú. Ló bá figbe ta, ó ń fò sókè. Àwọn ará ilé ní ẹ̀mí ti gbé e, ni wọ́n bá ń kọrin, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Bó ṣe ń pariwo 'Omi! Omi!', ni wọ́n ń da èyí tó kù nínú ike sí i lójú."

"Ojú ọ̀hún ńkọ́?"

"Ó ti là. Kòkòrò sá, ọkọ mi náà sá. Kò débi ẹ̀fọ́ mọ́."

Èkejì wá rọra ní:

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi po tèmi. Ìyá ọkọ mi náà máa ń já ẹ̀fọ́ mi."