Abẹ́rẹ́ Tí Mo Gún Tẹjúmádé

Ẹ̀yin tí ẹ yí ibùsùn mi ká, ẹ má sọ fún mi pé èèyàn rere ni mí. Àìsàn ẹ̀dọ̀ yìí kò ní jẹ́ kí n rí òpin ọ̀sẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí òtítọ́ bá mi wọlẹ̀. Èmi Raphaël, nọ́ọ̀sì tí gbogbo Pobè ń pè ní Dókítà Kékeré, ẹranko lásán ni mí nínú aṣọ funfun.

Ní ọdún kejì òmìnira ilẹ̀ wa, wọ́n gbé Tẹjúmádé ará Yoko wá, ìfun rẹ̀ ti lọ́ pọ̀. Dókítà òyìnbó la inú rẹ̀ kíákíá, iṣẹ́ náà sì yọrí. Ó fi í sílẹ̀ fún mi, ó lọ sí Àjàṣẹ́, olú ìlú wa. Nígbà tí mo gbé abẹ́rẹ́ pẹnisilíìnì dé, obìnrin náà di ọwọ́ mi mú. “Mùsé nọ́ọ̀sì, ẹ dákun, wọ́n ti gún mi nírú èyí ní Sakété rí. Ara mi lé, ẹnu mi bó.” Mo bú sẹ́rìn-ín. “Ìwọ tó ń din gàrí, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́?” Mo gún un.

Ní ọjọ́ kẹta, ara rẹ̀ lé ròrò, ojú rẹ̀ pọ́n, awọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí bí èèpo iṣu sísè. Mo mọ ohun tó jẹ́. Wọ́n ti kọ́ mi ní Dakar: dá abẹ́rẹ́ dúró, fún un ní kọtisónì, oògùn tó ń rọ irú ara lílé bẹ́ẹ̀. Kọtisónì wà nínú àpótí oògùn, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá lò ó, mo ní láti kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé dókítà. Dókítà Kékeré yóò wá di ẹni yẹ̀yẹ́. Ẹ ò rí ìgbéraga òpònú!

Ìyá rẹ̀ wọlé, ó rí i, ó kúnlẹ̀ gbì. “Yéè, Olóde ti dé!” Àrùn Ìgbóná ló ń fi orúkọ yẹn bọ̀wọ̀ fún. Ìgbóná kì í bó awọ báyẹn, mo sì mọ̀. Mo dorí kodò, mo ní, “Ìyá, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ.” Wọ́n gbé e lọ sínú ahéré kan lọ́nà Towé, kí ó má bàa ràn wọ́n. Ọjọ́ kejì ló kú.

Ẹ mọ àṣà wa: ẹni tí Olóde bá mú lọ, wọn kì í sunkún rẹ̀, ọpẹ́ ni wọ́n ń dá. Ìyá rẹ̀ dúpẹ́. Ó tún ru gàrí wá fún mi, pé mo tọ́jú ọmọ òun. Mo gbà á. Mo bu omi sí i, mo mu ún.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ yìí, ẹ máa gbọ́ tẹnu ẹni tí ẹ fẹ́ gún.

Ìyá Tẹjúmádé, torí èyí ni mo ṣe ní kí wọ́n mú yín wá láti Yoko. Olóde kò mọ nǹkan kan níbẹ̀. Èmi ni mo pa á. Bí ẹ bá lè dárí jì mí, kó di ìgbà tó bá yá. Ẹ kọ́kọ́ sunkún ọmọ yín.