Ẹ̀rí Tí Mo Rò Pé Mo Ti Pa

Ẹ̀wọ̀n títí ọjọ́ ikú ni wọ́n dá fún mi. Ìjọba kì í pa ọ̀daràn mọ́ nílẹ̀ wa, síbẹ̀, bí wọ́n bá ti ń ṣílẹ̀kùn, àyà mi a já. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi, ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní fi pamọ́ fún yín.

Pèrègún mẹ́ta ló kó bá mi. Àwọn ni baba wa fi pààlà oko mi àti ti ẹ̀gbọ́n mi ní Kpoulou, abúlé wa. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kú, mo hú wọn, mo tún wọn gbìn sínú ilẹ̀ opó rẹ̀, Ìyá Pièrì. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré. Pèrègún kì í pẹ́ yè. Òjò méjì, wọ́n ti rúwé.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ olórí abúlé, ó mu ọtí sódábì tí mo gbé fún un, ó ní èmi ni mo jàre. Ìyá Pièrì kò gbà, ó pè mí lẹ́jọ́ nílé ẹjọ́ ìjọba. Mo bá gbé kẹ́ẹ̀gì epo lọ bá adájọ́. Obìnrin ni.

"Gbé epo rẹ padà," ó ní. "Olórí abúlé lè bá yín làjà. Tèmi, òfin ni mo ń wò. Mínísítà pàápàá kò gbọdọ̀ sọ fún mi bí n óò ṣe dá ẹjọ́."

"Madámù, ilẹ̀ baba mi ni."

"Kí ẹlẹ́rìí wá sọ bẹ́ẹ̀."

Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ló kù láyé: Bàbá Ìdòwú, tó bá baba wa gbin pèrègún náà. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ẹlẹ́rìí kò bá dìde sọ̀rọ̀ lójú àwùjọ, ẹjọ́ ti tán nìyẹn. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni tìjọba. Mo pàdé bàbá lọ́nà oko láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ní kí wọ́n má lọ jẹ́rìí.

"Ọmọ mi," wọ́n ní, "ọ̀rọ̀ yẹn ti…"

Mi ò jẹ́ kí wọ́n parí ẹ̀. Àdá wà lọ́wọ́ mi.

Àwọn obìnrin tó ń ti odò bọ̀ rí mi. Kí ọjọ́ tó kanrí, ọlọ́pàá ti mú mi. Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, akọ̀wé ilé ẹjọ́ mú ìwé kan jáde. Ọ̀sẹ̀ kan kí n tó pa bàbá ni bàbá fúnra wọn ti lọ sọ tẹnu wọn nílé ẹjọ́, tí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, tí wọ́n sì tẹ̀ka sí i. Ó kà á sétí gbogbo ènìyàn:

"Ọmọ náà ló ṣí pèrègún nípò. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má tì í mọ́lé. Ẹ jẹ́ kó dá ilẹ̀ padà. Ọwọ́ mi ló dàgbà sí."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá pè yín lẹ́jọ́, ẹ lọ. Bí ẹ bá jẹ̀bi, ẹ gbà pé ẹ jẹ̀bi. Ẹnì kan ṣoṣo ló bá mi bẹ adájọ́, èmi ni mo sì pa á.