Ohun Tí Dókítà Sọ Nípa Eyín Ẹ̀gbọ́n Mi

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti pa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó bú mi.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló mú mi wá sí Sabon Gari nílẹ̀ Hausa níbí lẹ́yìn ikú ìyá wa. Ó ní òun yóò rán mi níwèé. Mo dé kíláàsì kẹta ní sẹ́kọ́ńdìrì, ó yọ mí, ó ní kí n wá máa fọ abọ́ ní ìsọ̀ oúnjẹ òun ní France Road. Ọmọ tirẹ̀ ò fọ abọ́ kankan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ mi ro ara yín wò.

Nígbà tó yá, erìgì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀, eyín rẹ̀ ń mì. Mo bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín kan, ará Íńdíà. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ Hausa dáadáa, ṣùgbọ́n kò gbọ́ òyìnbó. Èmi ni ògbufọ̀.

Dókítà gbé fọ́tò egungun ẹnu ẹ̀gbọ́n mi sójú iná kó lè hàn. Ó ní ìdọ̀tí tó ti le bí òkúta lábẹ́ erìgì ló fa àìsàn, àìsàn náà sì ti ń jẹ egungun àgbọ̀n tó di eyín mú. Èyí tó ti lọ kò ní í padà, ṣùgbọ́n bí òun bá ń ha abẹ́ erìgì náà mọ́ déédéé, ìyókù á dúró.

"Kí ló wí?" Ẹ̀gbọ́n mi ló bi mí.

Ọwọ́ mi ṣì ń rùn fún ọṣẹ abọ́. Mo ní, "Ó ní kò sí nǹkan kan. Kẹ́ ẹ máa fi omi iyọ̀ fọ ẹnu."

Dókítà bi mí bóyá yóò padà wá lọ́jọ́ Túsìdeè. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Eyín náà bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Egungun àgbọ̀n rẹ̀ súnkì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ jìn wọnú. Eyín àtọwọ́dá kò rí ibi jókòó sí. Ó máa ń já bọ́ níwájú oníbàárà. Nígbà àkọ́kọ́, inú mi dùn. Mo jẹ́wọ́ ìyẹn náà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, dókítà mìíràn, Yorùbá bíi tiwa, yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹnikẹ́ni ò sọ fún yín nígbà tó bẹ̀rẹ̀ pé àìsàn ń jẹ egungun yín? Wọn ì bá ti dá a dúró."

"Rárá o. Àbúrò mi rèé, ó wà níbẹ̀." Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́wọ́ sókè. "Ẹni tó mọ̀ tí kò sọ, Ọlọ́run á bi í."

Dókítà ní àmín. Èmi náà ní àmín.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé ó gbà mí gbọ́. Títí dòní, kò tíì bẹ̀ mí nítorí ìwé mi tó dá dúró! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n lọ gbàdúrà, mo ti gbà á títí. Ṣé kí n sọ fún un? Bí mo bá sì sọ ọ́, nínú àwa méjèèjì, ta ni yóò kọ́kọ́ tọrọ àforíjì?