Ìwé Iná Oṣù Márùn-ún

Iná ti padà sí ilé wa ní Ìgandò láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn mi mọ́. Bí mo bá ti iléewé dé lọ́sàn-án, n ó ṣí yàrá, n ó tan fáànù, n ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, n ó sì máa tẹ́tí sí yàrá kejì tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Àwọn ará ilé ń kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Wọ́n tilẹ̀ ń yìn mí. Ìyìn náà gan-an ni kò jẹ́ kí n lè wo ojú wọn, nítorí pé irọ́ ni mo fi gbà á. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Tíṣà ìṣirò ni mí. Mo jáde ní yunifásítì, mo sin ìlú tán, wọ́n gbà mí sí iléewé girama kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, mo sì gba yàrá kan nínú ilé oníyàrá mẹ́jọ tí ilẹ̀kùn kọjú síra. Ìwà mi ni pé n kì í gba ohun tí n kò bá rí lákọsílẹ̀ gbọ́. Bí ẹ bá sọ fún mi pé òjò rọ̀ lánàá, n ó kọ́kọ́ wo ilẹ̀. Irú ìwà bẹ́ẹ̀ kì í tètè fún ènìyàn lọ́rẹ̀ẹ́. Ìyá Dúpẹ́ nìkan ni kò kà á sí. Opó tó ń gbé yàrá kejì sí tèmi ni, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ti lọ sílé ọkọ. Ó ń ta ẹja inú yìnyín tí a ń pè ní òkú Èkó, láti inú fìrísà ńlá kan tó gbé síwájú yàrá rẹ̀. Lójoojúmọ́ tí mo bá dé, yóò kan ilẹ̀kùn mi lẹ́ẹ̀mejì, yóò ní, "Tíṣà mi, ṣé o ti jẹun, àbí ìṣirò lo jẹ?" Kí n tó dáhùn, abọ́ ti wọlé. Ní gbogbo Alímọ̀ṣọ́, bí n kò bá sùn sílé, obìnrin yẹn nìkan ni ìbá mọ̀.

Mítà kan ni gbogbo ilé wa ń lò. Èmi ni wọ́n yàn láti máa gba ìwé iná, kí n sì pín in sí yàrá-yàrá. Bàbá kan tó mọ ilé wa dunjú ló máa ń mú ìwé náà wá lóṣooṣù, yóò tì í bọ abẹ́ ilẹ̀kùn mi. Nígbà tó yá, wọ́n gbé bàbá náà lọ síbi iṣẹ́ mìíràn. Láti ọjọ́ náà, a kò rí ìwé mọ́. Oṣù kìn-ín-ní, inú àwọn ará ilé dùn. Oṣù kejì, ara fu mí. Ní oṣù kẹta, mo wọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì àwọn oníná. Ọ̀gbẹ́ni tó wà nídìí wíńdò kò tilẹ̀ gbé ojú sókè.

"Ìwé yín ti jáde. A ti pín in."

Mo ní, "Ta ni ẹ fún, sà?"

"Mo ní a ti pín in. Ẹ lọ san iye tẹ́ ẹ máa ń san, ẹ jẹ́ ká ráyè."

"Iye tí a máa ń san kì í dúró lójú kan, sà. Ohun tó wà lójú mítà la fi ń mọ̀ ọ́n."

Ó wá wò mí láti òkè délẹ̀. "Ẹ̀yin alákọ̀wé. Ẹ lọ kọ lẹ́tà, jàre."

Mo kọ ọ́. Mo kọ méje, mo sì fi kábọ́nù gba ẹ̀dà ọ̀kọ̀ọ̀kan pamọ́. Ní gbogbo Sátidé, mo ń ka mítà sínú ìwé àjákọ, títí nọ́ńbà ara rẹ̀ fi di ohun tí mo lè kà lórí. Kò sí èsì kan. Ẹ gbọ́, n kò ní dá iléeṣẹ́ náà láre: ojúṣe wọn ni kí ìwé dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀bi tiwọn parí sí ni tèmi ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí oṣù kẹrin wọlé, a ṣe ìpàdé nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá Dúpẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Tíṣà mi, ẹja mi ò mọ lẹ́tà. Ẹ jẹ́ ká san nǹkan sílẹ̀ fún wọn, kí wọ́n má bàa gun òpó." Mo dìde, mo ṣàlàyé fún wọn bí ẹni tó wà níwájú pátákó ìkọ̀wé. Mo ní bí a bá san owó tí kò níwèé lẹ́ẹ̀kan, a ó máa san án títí. Mo ní wọn kò lè já iná ẹni tí wọn kò fún ní ìwé. Ta ni yóò kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Gbogbo wọn ló fara mọ́ ọn. Ìyá Dúpẹ́ wò mí díẹ̀, ó ní, "Ìwọ lo kàwé. Ohun tó o bá wí náà ni."

Ní àkókò yìí kan náà, ìjọ aláṣọ funfun kan wà ní ẹnu àdúgbò wa, níbi tí Ìyá Dúpẹ́ ń lọ. Ìyá Ìjọ wọn, arúgbó kan tó ń gbé inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, rán an sí mi. Ó ní akọ̀wé ìjọ ti rìnrìn àjò, àwọn ìwé kan sì wà lọ́dọ̀ òun tí òun kò mọ ẹni tó ni wọ́n, kí tíṣà jọ̀wọ́ wá bá òun kà wọ́n. Nígbà àkọ́kọ́, mo ní mò ń máàkì ìdánwò. Nígbà kejì, mo ní iṣẹ́ pọ̀. Nígbà kẹta, mo sọ ohun tó wà nínú mi. Mo ní, "Ìyá Dúpẹ́, mo mọ̀ wọ́n. Bí mo bá kà á tán, wọn ó ríran sí mi, wọn ó ní kí n lọ ra àbẹ́là méje wá."

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Tíṣà, ìwé ni wọ́n ní kó o wá kà. Wọn ò ní kó o wá jó." Kò tún jíṣẹ́ náà fún mi mọ́.

Àwọn oníná dé ní oṣù karùn-ún, nígbà tí mo wà níwájú kíláàsì. Wọ́n gbé àkàbà ti òpó, wọ́n gé wáyà, wọ́n ká a lọ. Ọdún Àjíǹde ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìgbà tí ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ kì í jẹ ẹran, tí ẹja a sì máa tà. Ìyá Dúpẹ́ ti kó àjọ rẹ̀, ó ti fi gbogbo rẹ̀ ra páálí ẹja kún fìrísà. Ó sáré lọ ra yìnyín ní Ìpájà, ó tò ó lé e lórí. Yìnyín dòmi. Ní ọjọ́ kẹta, mo bá a lẹ́yìnkùlé, ó ń fi ọkọ́ wa kòtò. Òórùn ti gba gbogbo ilé. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ní n ó kọ lẹ́tà sí ọ̀gá wọn pátápátá. Kò gbójú sókè. "Kọ ọ́, Tíṣà mi," ló wí. "Kọ ọ́."

Kò bá mi jà. Ìbá sàn kó bá mi jà. Nígbà tí oṣù parí, ó kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìjẹ̀gùn, ní ọjọ́ tí mo wà níbi iṣẹ́. Abọ́ mi kan ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ti fọ̀ ọ́, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà mi.

Ibùgbé rẹ̀ ni mo lọ béèrè lọ́wọ́ Ìyá Ìjọ. N kò lọ fún nǹkan mìíràn. Arúgbó náà ní kí n jókòó. "Ìwọ ni tíṣà? A ti ń retí rẹ." Ó wọlé, ó gbé agolo bisikíìtì kan jáde, ó ṣí i. Ó ní ẹni tó ń pín ìwé iná báyìí kì í wọ inú àdúgbò nítorí ẹrọ̀fọ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ń kó gbogbo rẹ̀ sí. Àwọn tó mọ orúkọ tiwọn ti wá mú un. Èyí tó kù, orúkọ ẹni tí kò sí ládùúgbò ló wà lára rẹ̀.

Orúkọ ẹni tó ta ilẹ̀ fún onílé wa ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fa iná sílé wa ni wọn kò ti yí i padà. Nínú gbogbo ará ilé, èmi nìkan ló mọ̀ ọ́n, nítorí èmi ni mo máa ń gba ìwé. Nọ́ńbà mítà tí mo ti mọ̀ sórí wà lábẹ́ rẹ̀. Márùn-ún ni wọ́n, wọ́n tò tẹ̀léra, wọn kò tilẹ̀ ká. Wọ́n ti fi íńkì pupa kọ ọ́ sára èyí tó kẹ́yìn pé wọn ó já iná.

Mo kà wọ́n fún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bó ti ní kí n ṣe. Nígbà tí mo parí, ó ní kí n máa kó wọn lọ. "O ṣeun, ọmọ mi," ló wí. Ó wá júwe ọ̀nà Ìjẹ̀gùn fún mi.

Mo kó ìwé náà délé, mo sọ fún àwọn ará ilé pé ọ́fíìsì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fi lé mi lọ́wọ́ lẹ́yìn lẹ́tà méje. A san án, wọ́n dá iná padà. Wọ́n ní, "Tíṣà wa kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn." Mo gbà á. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn.

Láti ìgbà náà, mo ti kọ lẹ́tà kẹjọ. Èyí kì í ṣe sí àwọn oníná. Ohun gbogbo wà nínú rẹ̀ bó ṣe rí, agolo, orúkọ, ìpè ẹ̀ẹ̀mẹta tí mo kọ̀ láti jẹ́. Ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Mo mọ ọ̀nà Ìjẹ̀gùn, kò jìn. Ohun tó ń dá mi dúró ni pé Ìyá Dúpẹ́ kò mọ̀wé. Bí mo bá fi ránṣẹ́, àlejò ni yóò kà á sí i létí. Bí mo bá sì mú un lọ fúnra mi, èmi ni n ó jókòó síwájú rẹ̀, tí n ó kà á jáde, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà jù mí lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n lọ? Ṣé ẹni tó kọ̀ láti kàwé nígbà tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta ṣì lè rí ẹni tí yóò jókòó gbọ́ ọ nígbà tó bá wá ṣe tán láti kà?