Ebè Tí Kò Rí Ajílẹ̀

Ògo! Ẹ̀yin ará, kí n tó sọ ọ̀rọ̀ kankan, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ké e jáde: ògo ni fún Ọba tí ń gbọ́ ohùn ẹni tí ẹ̀rù ti dí lọ́nà ọ̀fun! Ẹ ṣeun, ẹ jókòó. Àgbà ti dé sí mi, n kò lè pariwo pẹ́.

Bàbá Bọ́sẹ̀ ará Ìgandò ni púpọ̀ nínú yín mọ̀ mí sí. Ẹ kò mọ̀ pé èmi náà ti jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin rí, tí mo wọ ṣòkòtò péńpé, tí mo dúró láàárín oko àgbàdo yunifásítì ní òwúrọ̀, tí ìrì ń rin mí lẹ́sẹ̀. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo kà. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wa kò le rárá: bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ajílẹ̀ tuntun dára, fi sí àwọn ebè kan, má fi sí àwọn mìíràn, kí o wá máa wò ó. Èmi ni mo máa ń yan ebè tí kò ní rí nǹkan kan. Àgbàdo ibẹ̀ á tín-ín-rín, ewé rẹ̀ á pọ́n. Inú mi kì í bàjẹ́. Àgbàdo ṣá ni. Áà, ìgbà yẹn dùn! Títí di òní, bí òjò bá ṣú, òórùn ilẹ̀ oko náà ni mo máa ń gbọ́.

Ẹ má gbàgbé ebè yẹn o.

Bọ́sẹ̀ nìkan ni ọmọ tí Ọlọ́run dá sí fún wa. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni wọ́n bí mọ́ ọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí i rí, ẹ mọ̀ ọ́n: ọmọ tó ń ṣeré nídìí kànga láàárọ̀, kí oòrùn tó kan àtàrí, á ti máa ké pé egungun òun ń fọ́. Nígbà ìjọba ológun ni, nílé ìwòsàn ńlá kan tí a ń gbé e lọ, dókítà rẹ̀ pè wá pé àwọn ń dán oògùn tuntun kan wò, bóyá yóò dín ìrora náà kù. Obìnrin ni dókítà náà, kò ju àbúrò mi lọ, ó sì ní sùúrù. Ó ní:

"Bàbá, àwọn ọmọ kan á máa lo oògùn náà. Àwọn kan á máa lo oníyẹ̀fun lásán tó jọ ọ́. Àwa tí à ń tọ́jú wọn gan-an ò ní mọ ẹni tó ń lo èwo, kí ojú wa má baà tàn wá."

Ẹ̀yin ará, oko ni mo rí! Mo rí ọmọ mi lórí ebè tí kò rí ajílẹ̀, tí ẹnì kan dúró tì í nínú ṣòkòtò péńpé, tí inú ẹni náà kò bàjẹ́.

A fọwọ́ sí i ṣá. Kí ni à bá ṣe? Nígbà tí a délé, ìyàwó mi ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, ẹ là á yé mi." Mo fi ọ̀rọ̀ ebè là á yé e. Ó wá béèrè pé, "Àwọn ebè tẹ́ ẹ kò fún ní nǹkan, báwo ni wọ́n ṣe parí?"

Ìyá kan wà tí òun pẹ̀lú ìyàwó mi jọ máa ń wọkọ̀ láti Ìkọ̀tún lọ sí ilé ìwòsàn náà. Ìyá Wàsíù ni, aránṣọ, Mùsùlùmí ará Ògbómọ̀ṣọ́. Àrùn kan náà ló ń ṣe Wàsíù ọmọ rẹ̀, òun náà sì wà lára àwọn ọmọ tí wọ́n fi ń dán oògùn náà wò. Àwọn ìyá méjèèjì di ọ̀rẹ́ bí ẹni pé ìyá kan ló bí wọn. N kò fura sí nǹkan kan.

Ìgbà tí ó yá, Bọ́sẹ̀ kọ oúnjẹ. Egungun kò dùn ún, ara rẹ̀ ló ń yún un. Ojú rẹ̀ pọ́n, ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bí àgbo. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀! Mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ìyá Wàsíù kí ó wá bá wa gbé e. Ẹ̀yin ará, Wàsíù ni mo bá nílẹ̀ lórí ẹní, ojú òun náà pọ́n rokoṣo. Bí ìyá rẹ̀ ṣe rí mi, ó ju ṣísọ́ọ̀sì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Bàbá Bọ́sẹ̀, a gbé o! Àwa la fọwọ́ ara wa pa wọ́n!"

"Ta ló pa ta ni?"

"Ìyàwó yín ló ní ọmọ kan ń jẹ oògùn, ọmọ kan ń jẹ ẹfun. Mo ní ṣebí àjọjẹ ò dùn bẹ́nìkan ò ní. La bá ń da ìgò méjèèjì pọ̀ sínú àwo kan, à ń rò ó pọ̀, à ń pín in dọ́gba. Kàkà ká máa ṣojúsàájú, kí àwọn méjèèjì rí díẹ̀díẹ̀!"

Àpótí tí ó fi ń ránṣọ ni mo jókòó lé.

A kó àwọn ọmọ méjèèjì lọ. Lẹ́nu ọ̀nà dókítà, ìyàwó mi kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ mi mú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́. Wọ́n á lé wa. Ta ló máa tọ́jú rẹ̀?" Ìyá Wàsíù ní, "Ọlọ́pàá ni wọ́n máa pè. Sójà ló ń ṣèjọba o!" Ẹ̀rù ba èmi náà. Ara mi ń gbọ̀n. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n lè lé wa. Bí n kò bá sọ ọ́, ọmọ mi lè kú lójú mi. Mo ní, "Olúwa, n kò gbọ́n tó." Ohun kan ṣoṣo ló wá sọ́kàn mi, láti oko àná: bí ẹnì kan bá da ajílẹ̀ sórí ebè tí kò yẹ, tí kò sì sọ, irọ́ ni oko náà yóò pa fún ẹni tó ń wò ó.

Mo wọlé, mo sọ ọ́.

Dókítà ní, "Bàbá, ẹ tún un sọ." Mo tún un sọ. Kò bínú, èyí ló tilẹ̀ bà mí lẹ́rù jù. Ó dìde, ó lọ tẹ ẹni tó mọ àṣírí ìgò náà láago. Nígbà tí ó padà dé, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Wàsíù ló wà lórí oògùn. Oníyẹ̀fun ni ti Bọ́sẹ̀."

Ìyàwó mi bú sẹ́kún. Ọmọ mi ló wà lórí ebè yẹn lóòótọ́!

"Mọ́mì, ẹ dákẹ́, ẹ gbọ́," ni dókítà wí. "Ojú ọmọ tó ní àrùn yìí máa ń pọ́n tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ Wàsíù nìkan ni, à bá ní àrùn rẹ̀ ló tún dìde, à bá ní kó máa lo oògùn lọ. Ṣùgbọ́n Bọ́sẹ̀ ò yẹ kó rí oògùn yìí rárá, nǹkan kan náà ló sì ń ṣe é. Oògùn náà ló ń ba ẹ̀dọ̀ wọn jẹ́. Kò sí ọmọ tó máa lò ó mọ́ láti òní." Ó wá na ìka sí àwọn ìyá méjèèjì. "Ohun tẹ́ ẹ ṣe ò dáa. Ẹ ò gbọdọ̀ dán an wò mọ́ láyé yín! Àmọ́ ìdajì ìdajì ni wọ́n jẹ. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀dọ̀ wọn jí padà."

Ó ṣeé ṣe! Ẹ̀yin ará, ẹ ti dúró lórí "ó ṣeé ṣe" rí? Wọ́n gba àwọn ọmọ sí bẹ́ẹ̀dì tó kángun síra. Kò sí ohun tí wọ́n lè fi fọ oògùn náà kúrò. Ojú wọn là ń wò. Mo máa ń gbé ọwọ́ síwájú imú Bọ́sẹ̀ kí n mọ̀ bóyá ó ń mí. Ìyàwó mi ń kọrin kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, Ìyá Wàsíù ń ka tẹ̀sùbáà. Olúwa, o ṣeun. Olúwa, o ṣeun! Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a gbọ́ igbe Ìyá Wàsíù, ó gbé póò jáde sáàárín wọ́ọ̀dù:

"Ẹ wá wo ìtọ̀ ọmọ mi o! Ó ti mọ́ bí omi òjò!"

"Ìyá, ẹ rọra, ẹ má dà á sí wa lára!" ni nọ́ọ̀sì wí. Gbogbo wọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, ti Bọ́sẹ̀ náà mọ́. Ó ní òun fẹ́ jẹ ẹ̀kọ. Mo lọ sẹ́yìn wọ́ọ̀dù, mo sunkún bí ọmọdé.

Wọn kò lé wa. Dókítà kan náà ló ń tọ́jú wọn lọ. Àrùn náà kò kúrò lára Bọ́sẹ̀, n kò ní parọ́ nílé Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ó wà láàyè, Wàsíù sì wà láàyè. Ẹ bá mi dúpẹ́!

Ìwọ tí o wà níbí, tí ẹ̀rù sì ti pa ọ́ lẹ́nu mọ́ níwájú dókítà, sọ ọ́. Gbọ̀n, kí o sì máa sọ ọ́ lọ. Ọ̀nà tí ẹ̀rù ní kí n má gbà ni àánú gbà wá bá mi.

Èmi ọ̀gbẹ́ni tí ń yan ebè nígbà kan, n kò lè kọjá lára àgbàdo tí ewé rẹ̀ pọ́n mọ́, kí n má dúró. Mo rò tẹ́lẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kì í wo ibẹ̀. Ẹnì kan ń wò ó, ẹ̀yin ará.

Bọ́sẹ̀, dìde, ọmọ mi. Jẹ́ kí ìjọ rí ọ.