Ẹ̀jẹ̀ Mi Ló Tú Àṣírí Ojú Àbúrò Mi

Ògo! Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi kígbe ògo! Ẹ jẹ́ kó dé òkè! Ọlọ́run tó rí wa nígbà tí àwa ò rí ọ̀nà, mo dúpẹ́. Mo tún dúpẹ́. Ẹ ṣé, ẹ jókòó.

Bọ́láńlé lorúkọ mi. Padova níbí, ní Ítálì, ni mo ti kàwé, ibí náà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìwádìí lórí àrùn ojú niṣẹ́ mi. Èmi kọ́ ni dókítà tó ń kọ oògùn fúnni o. Ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn ni wọ́n ń kó wá sí laabù wa, àwa là ń wá ohun tó fọ́ wọn lójú nínú rẹ̀.

Àrùn kan wà tí a ti ń lé láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ló máa ń mú, ọkùnrin pàápàá. Kì í dunni. Iṣan tó ń gbé ìríran láti ẹyinjú lọ sí ọpọlọ ni yóò kàn máa kú. Ojú kan á lọ, kò ní pẹ́, èkejì á tẹ̀ lé e. Ọ̀dọ̀ ìyá ni àbùkù náà ti ń wá. Bàbá kì í fà á fọ́mọ.

Irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀ ẹni tára rẹ̀ le, kí a lè fi wé ti aláìsàn. Lọ́jọ́ kan, mo na apá mi, mo ní kí wọ́n fa tèmi. Ẹ̀rín ni mo ń rín bí wọ́n ṣe ń fà á!

Èsì jáde. Ọ̀gá mi, professoressa, obìnrin tí kì í gbé ohùn sókè, wo kọ̀ǹpútà títí. Ó ní, "Bọ́láńlé, ó jọ pé ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ti dà mọ́ tìẹ."

A tún un ṣe. Ohun kan náà ni. A ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sún mọ́ mi, ó ní, "Ṣé o ní arákùnrin?"

Mo ní. Ẹyọ kan péré. Dàpọ̀.

Saluzzo ni Dàpọ̀ wà nígbà náà, ó ń ká èso. Mo pè é lójú ẹsẹ̀. Ó ní dáadáa lòun wà. Mo ní, "Ojú rẹ ńkọ́?" Ìró katakata ni mò ń gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Sister, ta ló sọ fún yín?"

Ẹkún ló bẹ̀rẹ̀ sí í sun. Ojú òsì ti lọ. Àárín ojú ọ̀tún náà ti ń ṣú. Ó ní tóun bá wo èèyàn, òun á rí etí rẹ̀, òun á rí èjìká rẹ̀, àmọ́ òun ò ní rí ojú rẹ̀. Èso tó pọ́n àtèyí tí kò pọ́n ti di ọ̀kan náà lójú rẹ̀, àìpọ́n ló ń já sínú àpótí. Ọ̀gá oko jágbe mọ́ ọn níwájú gbogbo wọn pé, "Ma sei cieco?" Ṣé afọ́jú ni ọ́ ni? Ọkùnrin yẹn ò mọ̀ pé òótọ́ lòun ń sọ.

"Ẹ má sọ fún Mọ́mì," ni Dàpọ̀ wí. "Mi ò ní padà sílé wá jókòó bíi Bọ̀dá Àlàbí."

Bọ̀dá Àlàbí ni àbúrò ìyá wa. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún tó fi fọ́jú. Gbogbo ìlú ní torí pé ó búra èké lórí ọ̀ràn ilẹ̀ ni ojú rẹ̀ fi fọ́. Ìyàwó rẹ̀ kó jáde. Yàrá ẹ̀yìnkùlé ló wà títí tó fi kú, ẹnikẹ́ni ò bá a jẹun. Èmi náà máa ń sá fún un. Ọlọ́run dárí jì mí.

Ilẹ̀ mọ́, mo wọkọ̀ ojú irin. Mo lọ mú Dàpọ̀, mo gbé e lọ bá oculista, dókítà ojú, kan ní Torino tó mọ àrùn náà dáadáa. Ó ní, "Mi ò ní parọ́ fún yín. Ojú òsì ti kú. Oògùn kan wà, ó ń ran àwọn kan lọ́wọ́, kì í ran àwọn mìíràn. Ká tètè bẹ̀rẹ̀ ló dáa. Láti òní lọ, kò sí sìgá, kò sí ọtí."

A dé ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí oògùn. Ọkùnrin tó ń dáni lóhùn lójú sportello ní tessera sanitaria Dàpọ̀, káàdì ìtọ́jú rẹ̀, ti kú. Permesso rẹ̀, ìwé ìgbélùú, wà lẹ́nu àtúnṣe, kò tíì jáde. "Tó bá jáde, ẹ padà wá." Tó bá jáde! Ojú ń kú lọ! Èmi tí mo kàwé títí gba oyè dottorato, mo kúnlẹ̀ síbẹ̀. Ó ní, "Signora, si alzi," pé kí n dìde. Ó ń wo ẹni tó wà lẹ́yìn mi.

Obìnrin onírun funfun kan tó jókòó sí tábìlì kejì ló béèrè pé, "Ricevuta ńkọ́?" Dàpọ̀ fa ìwé ẹ̀rí pé ó ti béèrè àtúnṣe yọ nínú báàgì. Ó kà á. Ó ní, "Ìwé yìí tó. Òfin ni." Ó lù ú lóǹtẹ̀. Ẹ yin Ọlọ́run fún obìnrin yẹn!

Mo rò pé ó ti parí ni. Kò parí. Dàpọ̀ ń loògùn, òkùnkùn ń pọ̀ sí i. Ọ̀dọ̀ mi ló wà, ó ń da omi gbígbóná sọ́wọ́ ara rẹ̀, ó ń fọwọ́ tọ ògiri. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, "Sister, tí mo bá kú, ẹ ó sinmi." Ọmọbìnrin mi, Ṣadé, ń gbọ́. Ó yíjú sí mi: "Mamma, ce l'ho anch'io?"

Mi ò lè parọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó wà lára ìwọ náà, àmọ́ lára ọ̀pọ̀ èèyàn, pàápàá obìnrin, kì í jí títí láé. Ó wọ yàrá, ó tilẹ̀kùn. Ẹ̀yin ará, àdúrà ò jáde lẹ́nu mi lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ̀yin lẹ gbà á fún mi. Ẹ ṣé.

Mo pe ìyá wa. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọn á máa dá ara wọn lẹ́bi. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní, "Bọ́láńlé, ṣé Àlàbí ò búra èké ni?"

"Kò búra èké, Mọ́mì. Àìsàn ni."

Ìyá mi figbe ta: "Àlàbí o! Wọ́n parọ́ mọ́ ọ! Èmi náà gbà á gbọ́!" Láti ilé dé ilé ni wọ́n rìn lọ́jọ́ kejì, wọ́n ń sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó ṣì rántí orúkọ rẹ̀.

Ó tó ọdún kan. A ń jẹun àárọ̀, Dàpọ̀ gbójú sókè, ó ní, "Sister, ẹ ti rù o."

Mo gbàgbé oúnjẹ lẹ́nu. Ojú mi ló ń wò! Kì í ṣe etí, kì í ṣe èjìká. Ojú mi! Ògo! A sáré lọ sí Torino. Oculista yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní fèrèsé kékeré kan ti ṣí láàárín òkùnkùn ojú ọ̀tún. Ó ní ó lè máà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sì tíì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú òsì ò padà. Dàpọ̀ ò lè wakọ̀, kò lè ká èso mọ́. Iṣẹ́ centralino ló ń kọ́ báyìí, kó máa dáhùn tẹlifóònù. Mo sì ń wo ojú Ṣadé lójoojúmọ́.

Síbẹ̀, mo dúpẹ́. Ìwọ tí òkùnkùn tìrẹ ò tíì là, mi ò ní sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ ló kéré. Mi ò mọ ìdí tó fi jẹ́ pé ti Bọ̀dá Àlàbí ò là. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìtìjú fẹ́ẹ̀ gba èyí tó ṣẹ́ kù lójú àbúrò mi. Tí nǹkan bá ń ṣe ọ́, má fi pa mọ́. Pe ẹnì kan kó o tó kúrò níbí lónìí. Ọlọ́run tó dúró tì wá yóò dúró tì ọ́.

Dàpọ̀, dìde kí wọ́n rí ọ. Ẹ̀yin ará, ẹ má káàánú rẹ̀ o. Ẹ kàn bá a dúpẹ́.