Ọ̀sà Ni Mo Fi Han Ìyá Ọkọ Mi, Mo Ní Òkun Ni

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ọ̀rọ̀ wa níbí. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń dá ẹrù kan gbé, ó sì ti wọ̀ mí lọ́rùn báyìí. Ǹ bá má sọ ọ́ rárá. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá àgbà méjì ń bọ̀ wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi nínú oṣù kẹjọ, wọ́n fẹ́ rí ìlú, wọ́n fẹ́ rí òkun, èmi ni wọ́n sì ní kí n ṣètò rẹ̀. Ètò náà ti dàrú mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Mi ò ní dárúkọ ara mi. Tíṣà ni mí nílé ìwé aládàáni kan ní Okota. Ire-Akari ni èmi àti ọkọ mi ń gbé.

Ẹ jẹ́ kí n yin ara mi díẹ̀, torí bí mi ò bá yin ara mi, ẹ ò ní mọ ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ náà ti wá. Ká ṣètò ìrìn àjò, ká múra òde, mi ò tíì rí irú mi ní gbogbo Ìsọlọ̀. Bí àwọn ọmọ ilé ìwé wa bá fẹ́ jáde lọ wo nǹkan, èmi ni ọ̀gá wa máa ń pè. Bọ́ọ̀sì tèmi kì í pẹ́ dé. Oúnjẹ kì í tán lójú ọ̀nà. Ọmọ kan ò sọ nù mọ́ mi lọ́wọ́ rí. Màdáámú Ètò ni àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi ń pè mí, mi ò sì ní tàn yín, orúkọ náà ń dùn mọ́ mi.

Ìyá ọkọ mi jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìkọ̀lé-Èkìtì. Èmi ńkọ́? Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Òṣòdì, lẹ́yìn ojú irin, ọmọ ẹni tó ń tún bàtà ṣe, tó wá láti Ọ̀ṣun. Lọ́jọ́ tí ọmọ wọn mú mi lọ sílé, Màmá wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé kò sí ọmọbìnrin mọ́ ní Èkìtì ni?" Ojú mi kòrókòró ni wọ́n ṣe sọ ọ́ o.

Mi ò sunkún. Mo kúnlẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Màmá, ọmọ Èkó ni mí. Kò síbi tí mi ò mọ̀ ní Èkó. Ẹ wá wò ó lọ́jọ́ kan." Bó ṣe di ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ káàkiri nìyẹn. Gbogbo Kérésì tí a bá lọ sílé, n ó máa ròyìn òkun fún wọn, bí ìgbì ṣe ń hó, bí mo ṣe máa ń jókòó sétí ẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi tí n ó máa jẹ àgbọn. Àwọn ará ilé á la ẹnu sílẹ̀. Èmi náà á tún fi kún un.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹsẹ̀ kan etí òkun rí láyé mi nígbà yẹn. Ta ló ń lọ? Ẹ̀rù omi ń ba ìyá mi, kò jẹ́ kí á débẹ̀. Ìgbà tí mo dàgbà tán, ọmọ àti iṣẹ́ ò jẹ́. Ọ̀sà nìkan ni mo mọ̀, torí orí rẹ̀ ni a máa ń gbà kọjá lórí afárá gígùn.

Lọ́dún tó kọjá, Màmá pè mí lórí fóònù. Èmi ni wọ́n pè o, wọn ò pe ọmọ wọn. Wọ́n ní, "Ùyàwó mi," bí wọ́n ṣe máa ń pè mí lọ́nà ti Èkìtì nìyẹn, "mo fẹ́ rí Èkó yìí, mo fẹ́ rí òkun, kí orúnkún mi tó kọ̀ fún mi." Orí mi wú! Mo tẹ́ aṣọ tuntun sórí ibùsùn àlejò, mo ṣètò ọjọ́ mẹ́rin, méjì fún ìlú, méjì fún omi.

Ti ìlú, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí, ì bá wu mí kí ẹ wà níbẹ̀. Mo mú Màmá wọ rélùwéè tuntun ní Òṣòdì, ojú irin tí mo ti ń ta omi tútù nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Wọ́n jókòó lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n ń wo òrùlé ilé bó ṣe ń kọjá, wọ́n ń sọ pé, "Ẹ wo Èkó! Ẹ wo Èkó!" Lọ́jọ́ kejì mo fi mọ́tò mi gbé wọn lọ sí Erékùṣù. A wọ ilé ìtajà ńlá tí àtẹ̀gùn ń gun ara ẹ̀ lọ sókè. Màmá di apá mi mú, wọ́n pariwo bí ọmọdé, lẹ́yìn náà wọ́n ní ká tún un gùn. Hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Lẹ́kí la sùn sí. Títí dòní, bí mo bá rántí ọjọ́ méjèèjì yẹn, mo máa ń yan.

Ọjọ́ kẹta ni ọjọ́ òkun. Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ mọ̀ pé bí èèyàn bá ń ti Erékùṣù bọ̀ lójú títì Lẹ́kí, òkun wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀sà wà lọ́wọ́ òsì. Èmi ò mọ̀. Mo yà sósì. Mo kan géètì, mo yí padà, mo kan omíyalé, mo tún yí padà. Màmá ní, "Ṣé kò yẹ ká bèèrè ọ̀nà báyìí?" Mo ní, "Ha, Màmá! Èmi kẹ̀? Kí n bèèrè ọ̀nà ní Èkó?" Bí mo bá gbà kí á bèèrè nígbà yẹn ni, ọ̀rọ̀ ì bá tán.

Nígbà tó yá, a já sí ibì kan tí koríko wà, tí àwọn bẹ́ǹṣì wà, tí omi sì lọ salalu níwájú wa. Òjò ti dá. Màmá sọ̀kalẹ̀, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Yéè! Òkun nìyí!"

Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ yẹn gan-an ni. Mo ti mọ̀ pé ọ̀sà ni. Ojú oró ń léfòó lórí omi, àwọn apẹja ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀ wọn jẹ́jẹ́, mo tiẹ̀ ń rí òdìkejì lókèèrè. Mo la ẹnu kí n sọ ọ́. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Òun náà ni, Mà."

Wọ́n ní, "Ìgbì tó o máa ń ròyìn dà?"

Mo ní, "Ó sinmi lónìí, Mà. Bí òjò bá ti rọ̀ tó báyìí, ó máa ń dákẹ́."

Màmá ká ìró sókè, wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ omi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n bu díẹ̀ sátẹ́lẹwọ́, wọ́n fi ahọ́n kàn án. "Ùyàwó mi, kò mà níyọ̀!" Mo ní òjò ló là á, pé òkun ò fi bẹ́ẹ̀ níyọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nínú ìwé. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹ gbà mí o! Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé omi òkun níyọ̀!"

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ọwọ́ tútù yẹn lé mi lórí, wọ́n gbàdúrà fún mi. Wọn ò pè mí ní ùyàwó mọ́. Ọmọ mi ni wọ́n pè mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó wò. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ ni mo ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn. Ó dùn ju ẹja yíyan tí a jẹ lọ́jọ́ náà lọ. Ta ló máa gbọ́ irú ìyẹn tán kó wá ní, "Màmá, ẹ dákun, omi mìíràn ni"?

Lọ́jọ́ kẹrin, òjò ò jẹ́ ká yọjú síta. Inú mi dùn sí òjò náà.

Màmá padà sí Ìkọ̀lé. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì láti jẹ́rìí. Wọ́n ní àwọn ti rí òkun, àwọn ti tọ́ ọ wò, kò níyọ̀, kí gbogbo ẹni tí àwọn ti kọ́ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́ foríjì àwọn. Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín. Màmá Káyọ̀dé ni, ọ̀rẹ́ Màmá láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti jọ ń ṣe tíṣà. Wọ́n ní, "Ọ̀rẹ́ mi, wọ́n tàn ọ́ jẹ ni. Èmi ti dé òkun. Iyọ̀ pọ̀ nínú ẹ̀ débi pé èèyàn ò lè gbé e mì."

Màmá dáhùn pé, "Ìyàwó ọmọ mi kì í parọ́ fún mi."

Ó di ìjà. Àwọn tó jọ máa ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ò kí ara wọn mọ́. Ọkọ mi bi mí pé kí ló dé tí ìyá òun ń sọ pé òkun ò níyọ̀. Ẹ wo bí mo ṣe burú tó. Mo ní, "Bàbá Tómi, àgbà ti ń dé sí wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbádùn ara wọn." Láti ọjọ́ náà ló ti ń bẹ̀rù pé ọpọlọ ìyá òun ti ń rẹ̀. Ọpọlọ Màmá pé ju tèmi lọ.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, fóònù mi dún. Nọ́ńbà Màmá ni, ṣùgbọ́n ohùn Màmá Káyọ̀dé ni mo gbọ́. Pásítọ̀ ló ti pe àwọn méjèèjì jókòó. Wọ́n ní, "Ìyàwó wa, mi ò fẹ́ jà mọ́. Ìwọ lo mọ Èkó. Ohun tó o bá sọ ni n ó gbà. Ṣé òkun níyọ̀ àbí kò níyọ̀?"

Ọlọ́run fún mi láàyè kejì nìyẹn. Mo ń gbọ́ bí Màmá ṣe ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, tí wọ́n ń retí mi. Mo ní, "Kò fi bẹ́ẹ̀ níyọ̀, Mà." Màmá hó yè.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Màmá Káyọ̀dé kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ìjọ, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn, wọ́n tọrọ àforíjì pé àwọn pe ìyàwó ọlọ́yàyà ní òpùrọ́. Màmá ló ròyìn rẹ̀ fún mi, inú wọn ń dùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó sórí ilẹ̀ ilé ìdáná.

Ní Sátidé kan, mo sọ fún wọn nílé pé ọjà ni mò ń lọ. Lẹ́kí ni mo lọ. Lọ́tẹ̀ yìí mo bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí mo rí. Mo dé etí òkun. Ariwo rẹ̀ bà mí lẹ́rù. Ìgbì kan wá, ó lù mí dé ìbàdí, omi wọ ẹnu mi. Iyọ̀! Mo tutọ́ títí. Mo wá dúró síbẹ̀, aṣọ mi rin gbingbin, mò ń pe ara mi ní òpònú.

Ní báyìí, àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì ti parí ìjà, wọ́n sì fẹ́ jọ wá. Màmá ní kí n tún gbogbo ètò náà ṣe, rélùwéè, àtẹ̀gùn, hòtẹ́ẹ̀lì, kí n sì mú wọn lọ sí ibi òkun èṣí gan-an. Kí n má parọ́ fún yín mọ́, ó ti ṣe mí bíi kí n gbé wọn lọ sí ọ̀sà kan náà, nínú oṣù òjò kan náà, kí gbogbo rẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Ìgbéraga mi ò tíì kú. Mo ṣì fẹ́ kí wọ́n máa pè mí lọ́mọ.

Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá Màmá Káyọ̀dé pè mí fúnra wọn. Wọ́n ní kí n má bínú, ohun kan ń jẹ àwọn lọ́kàn. Bàbá Káyọ̀dé, ọkọ wọn tó ti di olóògbé, ló mú wọn lọ sí etí òkun nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó. Ìrìn àjò kan ṣoṣo tí wọ́n jọ ṣe nìyẹn. Àwọn méjèèjì tọ́ omi náà wò, wọ́n tutọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Wọ́n wá ní, "Bí òkun ò bá níyọ̀, ibo wá ni ó mú mi lọ, ìyàwó wa? Bóyá ó kàn tàn mí jẹ ni, torí mo jẹ́ ọmọ oko. Mo fẹ́ wá tọ́ ọ wò kí n tó kú, kí n lè mọ irú ẹni tí mo fẹ́."

Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá pe Màmá, ojú á tì wọ́n níwájú ìjọ tí wọ́n ti jẹ́rìí, wọn ò sì ní pè mí lọ́mọ mọ́. Bí mo bá pe Màmá Káyọ̀dé, ọkàn wọn á balẹ̀ lórí ọkọ wọn, ṣùgbọ́n ẹnu wọn ni Màmá á ti gbọ́ nípa mi. Mo ti pinnu pé mo máa sọ ọ́. Fóònù náà wà lọ́wọ́ mi báyìí bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ jọ̀ọ́, nínú àwọn méjèèjì, ta ni kí n kọ́kọ́ pè?